Bí Kámẹ́rà Ṣe Rọ́pò Àwọ̀n ní Pangti

Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò àṣá kékeré nítòsí, kó wá ọ̀nà dé abúlé Pangti, ní ìpínlẹ̀ Nagaland, lápá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ní oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá ọdọọdún, àṣá Amur máa ń ya bo igi àti wáyà iná tó yí ìsédò Doyang ká, débi pé ojú ọ̀run á ṣú. Ẹyẹ náà kò wúwo tó 200 gíráàmù. Àwọ̀ eérú ni akọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí osùn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ayàwòrán tó bá fara pamọ́ dáadáa lè rí òrùka pupa tó yí ojú rẹ̀ ká.

Àmọ́ fọ́tò tó gbé orúkọ Pangti jáde kì í ṣe fọ́tò ẹwà rárá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, Ramki Sreenivasan, Shashank Dalvi, Rokohebi Kuotsu àti akọ̀ròyìn obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Nagaland, Bano Haralu, gbé kámẹ́rà dé etí Doyang. Àwọ̀n ìpẹja ni wọ́n bá lókè, tí wọ́n ta mọ́ àárín igi, tí ẹyẹ há sí lára. Wọ́n bá ààyè ẹyẹ tí wọ́n kó pa mọ́ sínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, wọ́n bá èyí tí wọ́n ti tu níyẹ̀ẹ́, wọ́n bá èyí tí wọ́n ti yan. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ẹyẹ tó ń kú lójúmọ́ á tó 12,000 sí 14,000. Lẹ́ǹsì gígùn kò wúlò lọ́jọ́ náà, torí ẹyẹ ọ̀hún kò lè sá fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ro tàwọn ará Pangti náà mọ́ ọn. Ìjọba ló sé odò Doyang torí iná mànàmáná, tí omi sì bo oko wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ iná náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2000, àgbẹ̀ ti ń di apẹja. Àwọ̀n wà nílé, ẹyẹ ń wọ́ wá fúnra rẹ̀, ọjà sì wà tí wọn yóò ti tà á. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èmi ò lè bú wọn.

Fídíò tí àwọn mẹ́rin yẹn yà tàn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, ariwo sì sọ. Ariwo nìkan kọ́ ló ká àwọ̀n kúrò o. Haralu àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ bá àwọn àgbà ìlú jókòó. Àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí ọ̀pọ̀ ará Naga ń lọ, dá sí i, àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ò gbẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Nígbà tí àkókò ẹyẹ ọdún 2013 pé, wọn ò rí àṣá kan tí àwọ̀n pa. Láàárín ọdún kan! Òfin mélòó ló ń yára múlẹ̀ báyẹn?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì so ẹ̀rọ atọpasẹ̀ tó wúwo tó gíráàmù 5 mọ́ ẹyẹ mẹ́ta lẹ́yìn, wọ́n sọ wọ́n ní Naga, Wokha àti Pangti. Èyí tó ń jẹ́ Pangti fò kọjá òkun Arébíà dé Sòmálíà, ó lé ní 5,000 kìlómítà, láìbà síbì kan fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Apá gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn àṣá yìí ń lọ lo ìgbà òtútù. Bí ẹyẹ ṣe di ọmọ ìlú nìyẹn, tó lórúkọ, táwọn èèyàn ń béèrè ibi tó dé.

Ẹ̀yìn èyí làwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ. Àwọn ilé kan ń gba àlejò, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe afinimọ̀nà. Kì í ṣe gbogbo ilé ni owó náà ń dé, àkókò rẹ̀ ò sì ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni ayàwòrán tó ń pàtẹ́wọ́ kí agbo ẹyẹ lè fò lẹ́ẹ̀kan náà fún fọ́tò rẹ̀. Ikán tó hu ìyẹ́ ni àṣá yìí ń jẹ níbẹ̀ kó lè sanra dáadáa kó tó dojú kọ òkun. Ẹni tó bá ń dà á láàmú ń jẹ́ kó fi agbára yẹn ṣòfò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ gba ọmọ Pangti ní afinimọ̀nà, ẹ sùn sílé wọn, kẹ́ ẹ sì sanwó wọn pé.