Bí ìmọ́lẹ̀ tíńtín ṣe lè gba ẹ̀rọ ìpaẹyin lọ́wọ́ iná àti àrá

Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú dùdù ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sáré yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná. Àmọ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin adìẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń lò kó tó pa, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ mú ooru dúró sí nǹkan bí 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí iná tó ya wọlé lójijì bá ba ẹ̀rọ náà jẹ́ lóru ọjọ́ kejìdínlógún, gbogbo ẹyin inú rẹ̀ lè ṣòfò.

Ibo gan-an ni iná yìí ń gbà wọlé? Nínú àpótí ẹyin, sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin. Ó ń bá ọpọlọ ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, wáyà yìí sì sábà máa ń wà nítòsí wáyà iná tó ń mú àpótí gbóná. Bí àrá bá sán sítòsí, tàbí iná NEPA bá dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí lè gbé e lọ tààrà sínú ọpọlọ ẹ̀rọ.

Ohun tó lè dí ọ̀nà yẹn kò wọ́n rárá. Wọ́n ń pè é ní optocoupler. Iná kékeré tí ojú kò lè rí wà ní apá kan rẹ̀, ohun tó ń rí iná náà sì wà ní apá kejì, àlàfo sì wà láàárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá, wáyà kankan ò so apá méjèèjì pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní PC817, tó wọ́pọ̀ gan-an, lè dúró níwájú 5,000 fóòtì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí 230 ni iná ilé wa.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni optocoupler mọ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ àti ọpọlọ jọ ń lo wáyà kan náà láti fi ránṣẹ́ àti láti fi gbọ́. I2C ni wọ́n ń pe ètò yìí. Ilé iṣẹ́ Philips ti Netherlands ló gbé e jáde ní 1982. Wáyà méjì ló ní: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, èkejì fún aago tó ń ka ìṣísẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ fojú inú wo okùn méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ògiri. Bí ẹ bá fa okùn tiyín sílẹ̀, ìránṣẹ́ kan á fa ti òdìkejì. Ìránṣẹ́ kejì á rí i pé okùn ọ̀hún ti wálẹ̀, òun náà á wá di tiyín mú. Ẹ ti fọwọ́ sílẹ̀ o, àmọ́ okùn ò gòkè mọ́, torí àwọn ìránṣẹ́ méjèèjì ń dúró de ara wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí èèyàn bá kàn kọjú optocoupler méjì síra wọn: gbogbo ọ̀rọ̀ á dákẹ́ pátápátá.

Ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ P82B96 ló ń tú u. Tó bá fa okùn láti jíṣẹ́ òdìkejì, kì í fà á délẹ̀ tán. Ó fi díẹ̀ sílẹ̀, kó lè mọ̀ pé ọwọ́ ara òun nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti optocoupler mẹ́rin ti tó fún wáyà méjèèjì. Bí sẹ́ńsọ̀ náà kì í bá dá aago dúró, ọ̀nà kan ṣoṣo ti tó fún wáyà aago, iye optocoupler á sì di mẹ́ta.

PC817 kì í yára, nítorí náà kí ẹni tó ń kọ ètò sínú ọpọlọ ẹ̀rọ dín eré I2C kù. Kò sí ewu níbẹ̀, ooru ẹyin kì í yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fẹ́ eré lè lo 6N137.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni iná tí wọ́n ń fún un. Bí ọpọlọ àti sẹ́ńsọ̀ bá jọ ń mu iná láti orísun kan, tí nẹ́gẹ́tíìfù wọn sì kan ara, ẹni tó ṣe é ti ilẹ̀kùn iwájú, ó sì ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Kí orísun iná wọn yàtọ̀, kí àlàfo tó dáa sì wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lórí pákó ẹ̀rọ náà. Optocoupler ò sì lè dúró níwájú àrá tó bá sán lu ilé gan-an. Ìyẹn ló fi yẹ kí wáyà ẹ́ẹ̀tì tó dáa wà nílẹ̀.

Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU wà ní Ẹ̀pẹ́, LASUSTECH sì wà ní Ìkòròdú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè fi iṣẹ́ yìí ṣe pírójẹ́ẹ̀tì tó máa wúlò fún àwọn tó ń sin adìẹ láyìíká wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ẹ̀rọ ìpaẹyin, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ṣe é ní ìbéèrè méjì: kí ló wà láàárín sẹ́ńsọ̀ àti ọpọlọ, àti pé ṣé ọ̀tọ̀ ni iná tí kálukú wọn ń lò? Ìdáhùn tó bá gbà ló máa sọ fún un bóyá ẹyin rẹ̀ á yè bọ́ nígbà tí òjò bá dé.