Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀fẹ́ fún Àwọn Ọmọdé Tó Fẹ́ Gbá Softball: Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nílẹ̀ ní Olódì-Àpápá

Softball jẹ́ àbúrò baseball. Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1887, inú ilé ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ń gbá a. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ tóbi ju ti baseball lọ, pápá rẹ̀ ò fẹ̀ tó tiẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí sì ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí onígi gbọ́dọ̀ ti fi í sílẹ̀, kì í ṣe láti òkè orí. Onígi á gbá bọ́ọ̀lù náà lọ, á sì sáré yí bésì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ibùdó tó wà ní igun pápá, ká kó tó gba àmì ayò kan.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú eré yìí. Ọmọ tí kò tíì lè hán bọ́ọ̀lù kò lè gbádùn ìdíje. Ńṣe ni yóò dúró sí pápá, tí yóò máa gbàdúrà kí bọ́ọ̀lù má wá sọ́dọ̀ òun. Nítorí èyí ni àwọn líìgì ọmọdé ṣe máa ń ya ọjọ́ bíi mélòó kan sọ́tọ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á pe àwọn ọmọ wá kọ́ bí a ṣe ń jù, bí a ṣe ń hán àti bí a ṣe ń gbá, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ lè gbèrú ní Olódì-Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni àdúgbò náà fi lókìkí. Pápá tí wọ́n sọ lórúkọ Maracana ti Rio de Janeiro wà ní Ajégúnlẹ̀, ibẹ̀ sì ni Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe, kó tó lọ sí Lyn ní Norway lọ́dún 2007, kó sì tó wọ Manchester United lọ́dún 2020. Ohun tó gbé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ró níbẹ̀ náà ni softball nílò: àgbàlagbà tí kì í pa ọjọ́ jẹ, àti ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lé ọmọ kúrò lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ yìí ló ṣòro jù. Èbúté Àpápá wà nítòsí, tírélà tó gbé kòńténà kì í sì í wọ́n lójú títì. Eré yìí sì gba àyè: ẹsẹ̀ bàtà 60, ìyẹn mítà 18 ó lé díẹ̀, ló wà láàárín bésì kan sí ìkejì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá sì gbá dáadáa á fò ré kọjá ibẹ̀. Pápá ilé-ìwé ló kù, bíi ti ọgbà Tolu tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé pọ̀ sí lójú kan. Lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé àti sí ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn ló yẹ kó ṣáájú ohun gbogbo. Oṣù Kẹfà àti Keje kò dára fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, nítorí òjò máa ń sọ pápá di ẹrẹ̀. Oṣù Kẹjọ ló dára jù: ilé-ìwé ti gba họlidé gígùn, òjò náà sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Èkó lásìkò yẹn.

Lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, pípín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ kéékèèké ló ń sọ bóyá wọn yóò kọ́ nǹkan kan. Ọmọ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló tó fún akọ́nimọ̀ọ́gbá kan. Ọ̀wọ́ kan á máa jù, òmíràn á máa gbá bọ́ọ̀lù tí ń yí nílẹ̀ mú, ẹ̀kẹta á máa fi igi gbá èyí tí wọ́n gbé ka orí òpó rọ́bà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, fèrè á dún, wọ́n á pààrọ̀ àyè. Ọmọ tó bá tò sórí ìlà fún ìdajì wákàtí nítorí àtigbá bọ́ọ̀lù ẹyọ kan, ìran ló wá wò.

Bọ́ọ̀lù tẹníìsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí bọ́ọ̀lù softball gan-an le, ó sì lè fọ́ ètè. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n á fi hán an, ojú wọn ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi dé àtẹ́lẹwọ́. Ìgbà tí ẹ̀rù bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lára wọn ni ìbọ̀wọ́ á tó wúlò. Ọwọ́ tí ọmọ kò fi ń ju bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi ìbọ̀wọ́ sí, nítorí náà ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì nílò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ kó ìbọ̀wọ́ àlòkù ránṣẹ́ láti òkè òkun rántí èyí.

Apá ọmọdé gba ìṣọ́ra. Ní orí eegun èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ ọmọ tó ṣì ń dàgbà, ibì kan wà tí kò tíì le, tí eegun ti ń gùn sí i. Jíjù láìsinmi lè ba ibẹ̀ jẹ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọṣẹ́ máa ń ka iye ìgbà tí ọmọ ju bọ́ọ̀lù. Tí ọmọ bá ní èjìká ń ro òun, ọjọ́ náà ti parí fún un nìyẹn. Akoto sì di dandan fún ẹni tó bá di igi mú.

Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ, kì í ṣe fún ẹni tó ṣètò rẹ̀. Omi, àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì àti owó ọkọ̀ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ni owó yẹ kó kọ́kọ́ bá lọ. Ní Èkó, báńà tí àwòrán olówó wà lára rẹ̀ ló sábà máa ń ṣáájú, bẹ́ẹ̀ báńà kì í kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù híhán.

Bí owó ò bá tó ra igi àti ìbọ̀wọ́, Baseball5 wà, òun gan-an ló sì yẹ kí ètò tuntun fi bẹ̀rẹ̀. WBSC, àjọ tó ń ṣàkóso baseball àti softball lágbàáyé, ló gbé e jáde fún àdúgbò tí kò ní pápá. Ọmọ márùn-ún ló wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àti obìnrin jọ ń gbá a, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lu bọ́ọ̀lù rọ́bà, mítà 13 péré ló sì wà láàárín bésì méjì. Ọmọ tó ti gbá monkey post, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àdúgbò, rí kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Baseball5 wà lára eré Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ti Dakar lọ́dún 2026, softball fúnra rẹ̀ sì ń padà sí Òlíńpíìkì lọ́dún 2028.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Orúkọ ọmọ, nọ́ńbà òbí àti ìbuwọ́lùwé òbí gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọmọ tó wọ pápá, àgbàlagbà kan kò sì gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí náà ṣe pàtàkì. Lọ́dún 2011, ikọ̀ ọmọdé kan láti Uganda gba ẹ̀tọ́ láti lọ sí ìdíje baseball àgbáyé tí àjọ eré ọmọdé Little League ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ kò fún wọn ní físà, torí pé ọjọ́ orí tó wà nínú ìwé àwọn kan kò bára mu. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ikọ̀ Lugazi, láti Uganda kan náà, ló di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọ́n sì na ikọ̀ Gresham láti Oregon ní àmì ayò 3 sí 2.