Ìbọn Tó Ń Fi Inú Rẹ̀ Hàn

Ní Ewékorò, ìró méjì ni ọmọdé máa ń tètè dá mọ̀. Èkíní ni ti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta sìmẹ́ǹtì: ilẹ̀ á mì, àwo á gbọ̀n lórí pẹpẹ. Èkejì ni ti ìbọn ọdẹ lóru: á dún lẹ́ẹ̀kan, igbó á sì pa lọ́lọ́. Ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìbọn ọdẹ ti ń dún nígbó Ẹ̀gbá tipẹ́tipẹ́ kí ìyẹn tó dé.

Ẹ̀tù tí wọ́n dà sílẹ̀ gbalasa kì í dún bí ìbọn. Á kàn jó fùù, èéfín á sì gba ojú kan. Ṣùgbọ́n bí a bá há a mọ́ inú irin tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí, tó jẹ́ pé iwájú nìkan ló ṣí, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá ti ara rẹ̀ jáde á fi túláàsì wá ọ̀nà, ohun tó bá sì dábùú ọ̀nà náà ni yóò tì lọ síwájú. Gbogbo ọgbọ́n ìbọn kò ju èyí lọ. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn: ibo la ó gbà ki ìbọn, báwo la ó sì ṣe tì í kí iná má baà padà sójú ẹni tó yìn ín? Ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé ni ìdáhùn tí àwọn ọdẹ ayé ṣì ń lò títí dòní ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ṣakabùlà tiwa. Ìbọn yìí kò ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn rárá. Ẹnu náà ni ọdẹ ń gbà fún un ní oúnjẹ: ẹ̀tù, ohun tí a fi dí i, ọta, ohun ìdí mìíràn, kí ọ̀pá ìkìbọn tó wá tẹ gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọdẹ bá fa apátí, irin tó gbé akọ òkúta dání á já wá lu irin kejì, ìṣáná á ta sórí ẹ̀tù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, iná á sì gba ihò tín-ín-rín kan wọ inú lọ. Iná méjì ni, ọ̀kan ń jí èkejì. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń gbọ́ “ṣáà” díẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ “gbàù”.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ ìṣáná yìí pàápàá, Faransé ló ti wá. Marin le Bourgeoys, ará ìlú Lisieux ní Normandy, ni wọ́n ń kà sí ẹni tó tò ó pọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1610. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé gbogbo Yúróòpù. Àwọn oníṣòwò ará Denmark wà lára àwọn tó gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wá sí etíkun wa, ìdí rẹ̀ nìyí tí òfin ìjọba fi ń pè é ní “Dane gun” títí di òní.

Àléébù méjì ló wà lára rẹ̀. Èkíní ni òjò: bí ẹ̀tù ẹ̀gbẹ́ bá ti rin, ìbọn di igi ìdáná. Ìyẹn ṣì rọrùn, nítorí pásítọ̀ ará Scotland kan, Alexander Forsyth, ti wá nǹkan ṣe sí i lọ́dún 1807. Ọdẹ ẹyẹ lòun náà, inú rẹ̀ kò sì dùn pé ẹyẹ máa ń rí iná ìṣáná tí yóò sì fò lọ kí ọta tó dé. Ló bá lo èròjà tó ń gbiná nígbà tí a bá lù ú. Láti ara rẹ̀ ni fìlà idẹ kékeré tí àwọn ọdẹ ń fi sídìí ìbọn ti wá.

Àléébù kejì ló le. Ṣakabùlà kì í fi inú rẹ̀ hàn. Bàbá mi àgbà jẹ́ ọdẹ, òkè àjà ni ìbọn rẹ̀ máa ń wà, kò sì sí ẹni tó lè wo ìta irin yẹn kó sọ bóyá ó yó tàbí ebi ń pa á. Bí Bàbá bá fẹ́ mọ̀, wọn á fi ọ̀pá wọn ìbọn láti ìta, wọn á fi ìka sàmì, wọn á wá rọra ti ọ̀pá náà sínú. Bí ọ̀pá kò bá wọlé tó, nǹkan wà níkùn rẹ̀. Láti tú u kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú igbó ni wọ́n ti ń lọ yìn ín dànù. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? Ẹni tó pa òwe yìí mọ ṣakabùlà dáadáa.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1851. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, àwọn ọmọ ogun Ghezo ọba Dàhòmì, tọkùnrin tobìnrin, ya lu odi Abẹ́òkúta níhà Arò. Àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ẹni tó bá yìnbọn lọ́jọ́ náà ní láti dúró, kó tún da ẹ̀tù, kó tún ti ọ̀pá bọnú, kí ó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, wọ́n ṣí ìpàtẹ ńlá kan ní Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìbọn Casimir Lefaucheux, alágbẹ̀dẹ ìbọn láti Paris, wà níbẹ̀. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe ìbọn wò ó. Àwọn kan fi ṣe ẹlẹ́yà, àwọn kan lọ sílé lọ ṣe irú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi wò ó bẹ́ẹ̀? Ìbọn náà ní ìbàdí. Bí a bá tú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, iwájú á tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ìdí irin á sì ṣí sílẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1830 ni Lefaucheux gbé e jáde. Jean Samuel Pauly, ará Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, ti lànà ṣáájú rẹ̀ lọ́dún 1812, nígbà tó ṣe ìbọn tí a ń gba ẹ̀yìn kì.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìkan kò tó o. Iná á gba àlàfo rẹ̀ jáde bí a kò bá wá nǹkan dí i. Kàtíríìjì ló yanjú èyí. Ẹ̀tù, ọta àti ohun tó ń tanná sí i wà pọ̀ nínú ẹyọ kan ṣoṣo, bí ẹ̀kọ ṣe wà nínú ewé. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, idẹ tó wà nídìí kàtíríìjì á wú díẹ̀, á há mọ́ ara irin pinpin, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn onígi ṣe ń wú tó sì ń há nígbà òjò. Bí ooru bá ti lọ, á sún kì, ọdẹ á sì fà á jáde. Iná tó fẹ́ sá gba ẹ̀yìn jáde ni òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Nílẹ̀ Faransé, Saint-Étienne, ìlú èédú nígbà náà, ni ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìbọn ọdẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Manufrance sílẹ̀ lọ́dún 1885. Lẹ́yìn ẹnubodè wa, ní Benin àti Togo, “calibre 12” ni àwọn ọdẹ ṣì ń pe irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí ni pé bí a bá fi òjé tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn kan ṣe ọta róbótó 12, tí gbogbo wọn bá ara wọn dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló bá ihò ìbọn náà mu. Ihò ọ̀hún tó mìlímítà 18 àbọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì. Ẹnu méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì lórí ẹní, wọ́n sì lè gun orí ara wọn. Ti orí ara wọn kì í ṣe tuntun: ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń ṣe ìbọn ìṣáná tí a máa ń fọwọ́ yí nílẹ̀ Faransé, kí ti ìsàlẹ̀ lè wá sókè. Àǹfààní rẹ̀ ni pé irin kan ṣoṣo ni ojú ọdẹ ń tọ̀ lọ sára ẹran. Ti ìsàlẹ̀ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ yìn, nítorí ó súnmọ́ èjìká, kì í sì í jẹ́ kí ẹnu ìbọn fò sókè púpọ̀. Ẹnu ti òkè sábà máa ń fún díẹ̀ kí ọta má tètè fọ́n ká, ìyẹn fún òyà tó ti sá jìnnà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí irin bá gun orí irin, tí a tún fi ìdè tó so wọ́n mọ́ ara ìbọn sábẹ́ wọn, ìbọn á ga jù. Lọ́dún 1909, ilé iṣẹ́ Boss ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìdè náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ìbọn sì padà tẹ́ẹ́rẹ́. John Browning, ará Amẹ́ríkà, jẹ́ kí ìdè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é kó lágbára, kó sì ṣeé ṣe lọ́pọ̀. Iṣẹ́ yìí ló ń ṣe ní Herstal, lẹ́bàá Liège ní Belgium, nígbà tó kú lọ́dún 1926. Ọdún 1931 ni ìbọn náà dé ọjà. Liège yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ìbọn tí a ń gba ẹnu kì tí wọ́n kó wá tà nílẹ̀ Adúláwọ̀ ti wá.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ya àwọn ìbọn méjèèjì sọ́tọ̀. Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ṣakabùlà. Ti èyí tó ń tẹ̀ ní ìbàdí, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló wà. Ìjọba rí agbára. Èmi rí nǹkan mìíràn.

Bí ọdẹ méjì bá pàdé lójú ọ̀nà oko, ẹni tó ní ìbọn oníbàdí á tẹ̀ ẹ́, á gbé e kọ́ apá, ihò rẹ̀ méjèèjì á sì ṣófo lójú ẹnìkejì. Ẹni yẹn lè wo inú irin já sí òdìkejì, kí ó rí ewéko níwájú. Ṣakabùlà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Òwe àwọn àgbà ṣì dúró o: ẹ má ṣe kọjú èyíkéyìí sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé ká ní Bàbá mi àgbà ní irú ìbọn yìí, à bá má ti máa yọ́ rìn kọjá lábẹ́ àjà.