Ṣé o mọ̀? Kí ẹnu ìlà méjì tó kò lójú síkóòpù

Ṣé o mọ̀ pé ọsilosíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya ìrìn iná mànàmáná sójú gíláàsì kí a lè fojú rí i, ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún? Karl Ferdinand Braun ló ṣe ọpọ́n gíláàsì tó bí i, ní ìlú Strasbourg lọ́dún 1897, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Jámánì. Ẹ̀bùn Nobel tí òun àti Marconi jọ gbà lọ́dún 1909 kì í ṣe nítorí ọpọ́n yìí o. Iṣẹ́ rédíò ni wọ́n fi yẹ́ wọn sí.

Ṣé o mọ ìdí tí síkóòpù fi ń ní ìkànnì méjì? Ìlà kan lè sọ bí iná ṣe ga tó. Ìlà méjì ló lè sọ ohun tí amplifáyà ṣe fún un: o fi ọ̀kan sí ibi tí iná ti ń wọlé, o fi èkejì sí ibi tó ti ń jáde. Bí 10 mílífóòtì bá wọlé, tí fóòtì 1 jáde, amplifáyà náà ti sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ṣùgbọ́n amplifáyà méjì ló wà nínú síkóòpù fúnra rẹ̀, ìkànnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá wí ohun kan náà nípa iná kan náà, kí ni o fẹ́ fi wọ́n wé?

Ṣé o mọ̀ pé síkóòpù lè wà láàárín ààyè tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un, kí ìkànnì rẹ̀ méjèèjì sì máa ta ko ara wọn? Bí ìwé ẹ̀rọ bá gbà kí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ṣìnà ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan lè lọ sókè, kí èkejì lọ sísàlẹ̀, ìyàtọ̀ wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 6. Lójú tèmi, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ìkànnì kan ṣe kó má fọwọ́ kan èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a mú Tektronix 465 ṣe àpẹẹrẹ. Ilé iṣẹ́ tí Howard Vollum àti Jack Murdock wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1946 ló gbé e jáde ní 1972. Ìkànnì méjì ló ní, ó ń gbé 100 MHz, ojú gíláàsì rẹ̀ sì pín sí àpótí 8 ní gíga, àpótí 10 ní fífẹ̀. Kókó tí à ń yí fún gíga ìlà bẹ̀rẹ̀ láti 5 mílífóòtì fún àpótí kan, ó sì dé 5 fóòtì. Ó ń gun àkàbà 1, 2, 5 bọ̀: 5, 10, 20, 50, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé kókó kékeré tó wà láàárín kókó ńlá yẹn lè ba gbogbo kíkà rẹ jẹ́? Bí kò bá sí níbi tí wọ́n kọ CAL sí, nọ́ńbà tí kókó ńlá ń fi hàn kì í ṣe òtítọ́ mọ́. Yí i títí yóò fi dún "tá" lọ́wọ́ rẹ, kí o tó ka ohunkóhun.

Ṣé o mọ̀ pé ooru máa ń yí amplifáyà padà? Tan ẹ̀rọ náà, kí o fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹni tó bá tan síkóòpù tó sì gbé ṣíkùdíráífà lójú ẹsẹ̀, ooru ló ń tún ṣe. Lẹ́yìn náà, àwọn fóòtì tí pọ́wà inú ẹ̀rọ ń pín káàkiri ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti yẹ̀, kò sí ohun tí o tún ṣe síwájú tó máa dúró.

Ṣé o mọ àyẹ̀wò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí ọ̀pọ̀ sì ń fò? Yí ẹnu ọ̀nà ìkànnì sí GND kí iná kankan má wọlé. Gbé ìlà sí àárín. Wá yí kókó láti 5 mílífóòtì sí 10, sí 20. Kò yẹ kí ìlà náà kúrò lójú kan. Bí ó bá ń fò sókè sódò, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì DC ti sọnù. Ibi kékeré tí à ń yí fún un ni kí o wá kàn, kí ìlà tó dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà yẹn ni ó tó kan ìlọ́po: fún un ní ìgbì tí o mọ̀ dájú pé 20 mílífóòtì ni, kó sì gba àpótí 4 géérégé lórí 5 mílífóòtì. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì pẹ̀lú ìgbì kan náà.

Próòbù, wáyà tí à ń fi kan ibi tí a fẹ́ wọ̀n, ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀. Ẹnu ìkànnì kan máa ń jẹ́ óòmù mílíọ̀nù 1, pẹ̀lú nǹkan bí 20 píkófárádì. Próòbù ×10 á fi óòmù mílíọ̀nù 9 kún un, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìgbì ló sì máa wọlé. Ṣùgbọ́n rẹsísítọ̀ nìkan kò tó. Kapásítọ̀ kékeré inú próòbù gbọ́dọ̀ bá ti ìkànnì mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìgbì tó ń sáré á gba ọ̀nà tirẹ̀, èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́ á gba tirẹ̀. Fi próòbù kan ibi tí síkóòpù ti ń gbé ìgbì onígun mẹ́rin 1 kHz jáde. Bí igun rẹ̀ bá rọ̀ bí èjìká, ó kù díẹ̀. Bí ó bá yọ ìwo, ó ti pọ̀ jù. Yí i títí orí rẹ̀ yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Lo ṣíkùdíráífà oníke, nítorí irin fúnra rẹ̀ ń yí ohun tí ò ń wọ̀n padà. Próòbù tí o sì tún ṣe lórí ìkànnì 1, má gbé e lọ sórí ìkànnì 2 láìtún un ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé óòmù mílíọ̀nù 1 yẹn kì í dúró bẹ́ẹ̀? Ní 100 MHz, 20 píkófárádì nìkan ti di ọ̀nà àbùjá tí kò ju nǹkan bí 80 óòmù lọ.

Ṣé o mọ̀ pé síkóòpù 100 MHz kì í sọ òtítọ́ nípa gíga ìgbì 100 MHz? Ìdá 70.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa fi hàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà yẹn kárí ayé. Ìgbì tó bá ń fò sókè láàárín 3.5 nánósẹ́kọ́ǹdì á hàn lójú rẹ̀ bíi pé ó gbà tó nǹkan bí 5.

Ṣé o mọ̀ pé wáyà tó gùn ju èkejì ní mítà kan lè mú ìlà kan pẹ́ ní nǹkan bí 5 nánósẹ́kọ́ǹdì? Próòbù méjì tó gùn dọ́gba ni kí o lò.

Ṣé o mọ ìyàtọ̀ CHOP àti ALT, ọ̀nà méjì tí síkóòpù ń gbà ya ìlà méjì? ALT ń ya ìlà kan tán kó tó ya èkejì. Ó dára fún ìgbì tó ń sáré. CHOP ń gé láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì lemọ́lemọ́; ó dára fún èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́, bíi iná 50 Hz wa tí yíyí rẹ̀ kan ń gba 20 mílísẹ́kọ́ǹdì. Lórí ALT, ìkànnì kan ṣoṣo ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ ìlà méjèèjì. Bí kálukú bá bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tirẹ̀, wọ́n á dà bíi pé wọ́n jọ ń rìn nígbà tí wọn kò jọ rìn.

Nípa iná ilé, jọ̀wọ́ gbọ́ èyí. Wáyà áàsì próòbù so mọ́ ara síkóòpù àti áàsì ilé. Má ṣe fi kan wáyà tí iná ń gbà kọjá láé. Iná 230 fóòtì ń ga dé nǹkan bí 325 ní ṣóńṣó rẹ̀. Inú ọpọ́n síkóòpù àtijọ́ sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, tó lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí o ti pa á.

Bí síkóòpù onílà méjì bá wà lórí tábìlì rẹ lónìí, fi próòbù méjèèjì kan ìgbì kan náà, yí ìkànnì 2 sí INVERT kí ìlà rẹ̀ lè dorí kodò, kí o sì tẹ ADD kí síkóòpù lè ro méjèèjì pọ̀. Bí ẹnu àwọn méjèèjì bá kò, ìlà kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni yóò kù lójú gíláàsì.