Odò Nahanni àti Àwọn Awakùsà Ilẹ̀ Kánádà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ní ilẹ̀ Kánádà, kì í ṣe odò ni ó gbàgbé. Àwọn tí ó pààlà sí igbó tí yóò dáàbò bò ó ni ó gbàgbé orísun.

Odò South Nahanni ni à ń wí, ní ìhà àríwá Kánádà tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún. Ní ibì kan, omi rẹ̀ ń já láti orí àpáta tí ó ga ju mítà 90 lọ, nǹkan bí ìlọ́po méjì ti Niagara tí gbogbo ayé ń ròyìn. Ní ọdún 1970, Olórí Ìjọba ìgbà náà, Pierre Trudeau, wa ọkọ̀ lórí odò yìí. Nígbà tí ó di 1972, ìjọba ya igbó ibẹ̀ sọ́tọ̀. Ní 1978, UNESCO kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé tí ó kọ́kọ́ yàn.

Ṣùgbọ́n ọgbà náà rí tóóró bí ọ̀já tí a lọ́ mọ́ ara odò. Kò ju ìdá kan nínú méje ilẹ̀ tí omi Nahanni ti ń ṣàn wá. Lẹ́yìn ààlà, lẹ́bàá odò kékeré Prairie Creek, fàdákà, òjé àti síǹkì ń bẹ nínú ilẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ ìwakùsà síbẹ̀. Owó fàdákà já wálẹ̀, gbèsè sì gbé ilé-iṣẹ́ náà mì ní 1983 kí ó tó ta ohunkóhun. Àwọn ará Dene tí ó ni ilẹ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò fọkàn balẹ̀. Òǹkàwé tí ó ń gbé ní agbègbè Jọ́ọ̀sì, tí ó ti rí kòtò tí awakùsà fi sílẹ̀, kò nílò àlàyé púpọ̀. Omi tí ó bá fọ ìdọ̀tí òjé wá kì í dúró ní ààlà ọgbà ìjọba.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, lẹ́yìn àjọsọ pẹ̀lú àwọn Dene ti Dehcho, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fẹ ọgbà náà láti kìlómítà onígun mẹ́rin 4,766 sí nǹkan bí 30,000. Iṣẹ́ ńlá ni. Ní 2014, ìjọba tún dá ọgbà kejì, Nááts'ihch'oh, sílẹ̀ ní ìhà orísun. Nínú ààlà mẹ́ta tí wọ́n gbé síwájú aráàlú, ọ̀pọ̀ jù lọ yan èyí tí ó tóbi jù. Èyí tí ó kéré jù ni ìjọba mú, kí ilẹ̀ tí awakùsà ń fojú sí lè wà níta.

Prairie Creek ńkọ́? Òfin 2009 fi í sílẹ̀ bí erékùṣù láàárín ọgbà, ó sì fàyè gba kí a la ọ̀nà mọ́tò gba inú ọgbà lọ síbẹ̀. Odò kékeré náà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ọ̀hún kọjá lọ sínú Nahanni.