Ẹ má fi símẹ́ńtì dí àlàfo ilẹ̀ kọnkéré yín mọ́

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi owó símẹ́ńtì ránṣẹ́ sí màmá mi n'Íbàdàn nítorí ibì kan ṣoṣo: àlàfo tó wà láàárín ògiri ilé àti ilẹ̀ kọnkéré tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Bírikìlà á wá, á po símẹ́ńtì, á dí i, á gbowó. Kí ọyẹ́ tó parí, ibẹ̀ á tún ti là. Nígbà òjò ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní kékeré. Omi ń gba ibẹ̀ wọ ìdí ògiri, ọ̀dà pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ bi ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ẹnjiníà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo yẹn sílẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ wá ń dí i."

Ṣé ẹ rí i, kọnkéré kì í dúró sójú kan. Tí oòrùn bá pa á, á fẹ̀. Tó bá tutù, á súnkì. Ilẹ̀ tó gùn tó mítà 10, tó bá fi 30 dígírì gbóná sí i, á fẹ̀ tó mìlímítà 3. Ẹ lè ní kí ló wà nínú ìyẹn? Ilẹ̀ le, ògiri náà le. Tí àyè ò bá sí láàárín wọn, ọ̀kan á fọ́. Kọnkéré tuntun tún máa ń súnkì bí omi inú rẹ̀ ṣe ń gbẹ, kò sì sí símẹ́ńtì olówó gọbọi tó lè ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Yóò là ṣáá ni. Ohun tí ẹni tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé á yan ibi tó máa là sí fún un. Níbi tí ilẹ̀ bá ti pàdé ògiri tàbí òpó, wọ́n á fi fóòmù tàbí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré. Lójú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n á fi maṣíìnì gé ìlà láàárín ọjọ́ kan tí wọ́n dà á, kó jìn tó ìdá kan nínú mẹ́rin bí ilẹ̀ ṣe nípọn tó. Ilẹ̀ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, mítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ló yẹ kó wà láàárín ìlà kan sí èkejì. Ọ̀pọ̀ bírikìlà wa kì í gé e, wọ́n ní kì í jẹ́ kí ilẹ̀ rẹwà. Bíi pé ilẹ̀ tó là kẹ́tikẹ̀ti ló rẹwà!

Bí a ṣe tún ti màmá mi ṣe rèé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn la ṣe é. A fi òòlù gbẹ́ gbogbo símẹ́ńtì àti pákó jíjẹrà kúrò, a gbá eruku rẹ̀ dànù, a jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà la ti okùn fóòmù tó fi díẹ̀ tóbi ju àlàfo náà lọ sínú rẹ̀, ká tó fi sealant bò ó, irú èyí tí wọ́n ń lò níta, tó ń nà bíi rọ́bà. Tí àlàfo bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, kí sealant jìn tó 1. Ẹ má fo fóòmù yẹn o! Òun ni kì í jẹ́ kí sealant lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ló yẹ kó dì mú. Tó bá tún lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, á ya nígbà tí ilẹ̀ bá ń fà á. Àárọ̀ ló dáa láti ṣe é, kì í ṣe ọ̀sán gangan tí kọnkéré ti fẹ̀ tán.

Àmọ́ tí apá kan ilẹ̀ yín bá ti rì, tí ẹsẹ̀ ń kọ ọ́, sealant ò ní tún ìyẹn ṣe. Ìsàlẹ̀ ló ti yẹ̀, ẹ pe ẹnjiníà.

Bírikìlà bi màmá mi pé, "Màmá, ṣé rọ́bà lẹ wá fẹ́ fi kọ́lé ni?" Òjò ńlá bíi mélòó kan ti rọ̀ látìgbà náà, omi ò wọlé. Mo fẹ́ fi owó ọ̀dà pálọ̀ ránṣẹ́, màmá ní kí n fọwọ́ mú un ná, kí ògiri gbẹ tán.