Iṣẹ́ Abẹ Ìbímọ àti Ẹ̀tọ́ Aboyún

Kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ ni àdúrà Yorùbá fún aboyún, ìbáà jẹ́ ní Èjìgbò ni ó ti ń retí ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ìbáà jẹ́ ní àdúgbò N'Gattakro ní ìlú Bouaké, ní Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀ràn kan tí ó kan àdúrà yìí gbọ̀ngbọ̀n ni iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà fi ń gbẹ̀bí.

Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí a ń bí láyé, 21 ni a ń fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde. Ní ọdún 1990, bí 7 ni. Ní Brazil àti Íjíbítì, àwọn ọmọ tí a fi abẹ gbé ti ju àwọn tí a bí láìsí abẹ lọ. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, 5 péré ni. Àpọ̀jù wà níbì kan, àìtó sì wà níbòmíràn.

Ìgbà mìíràn wà tí abẹ nìkan lè gba ẹ̀mí là: bí ọmọ bá dábùú, bí ibi ọmọ bá dí ẹnu ilé-ọmọ, tàbí bí ìrọbí bá pẹ́ tí ọmọ kò sì lè kọjá. Obìnrin tí ó bá kọ̀ ọ́ nígbà náà, nítorí pé òun fẹ́ bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù, fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ọmọ wéwu. Síbẹ̀, abẹ kì í ṣe ohun eré. Ẹ̀jẹ̀ lè dà púpọ̀, egbò lè kẹ̀, àpá rẹ̀ sì lè kó ewu bá oyún tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ọdún 2012, ìjọba Côte d'Ivoire fi ìgbẹ̀bí àti iṣẹ́ abẹ ìbímọ kún ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni èyí lórí owó. Ti òye sì kù. Aboyún tí kò gbọ́ ju Yorùbá, Baoulé tàbí Jula lọ, kí ni yóò mú nínú àlàyé tí dókítà bá fi èdè Faransé ṣe? Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, ọdún 2014, là á yéni pé oníṣègùn gbọ́dọ̀ sọ irú ìtọ́jú tí ó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ aláìsàn láti kọ̀. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́.

Ọjọ́ ogun kọ́ ni à ń wá ọfà. Nígbà tí oyún ṣì wà ní kékeré ni kí aboyún àti ọkọ rẹ̀ ti bi agbẹ̀bí léèrè: kí ni ó lè mú kí a lo abẹ, ọ̀nà mìíràn ha wà, kí ni yóò sì tẹ̀ lé e? Ohun tí ó tọ́ ni pé kí ẹni tí ó nílò abẹ rí i lásìkò, kí ẹni tí kò nílò rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí olúkúlùkù ìyá sì mọ ohun tí òun fọwọ́ sí.